Iyùn Tí Mo Fọ̀ ní Hamburg

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó máa ń jókòó kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí ìyàwó mi ti ń ṣe irun fáwọn èèyàn ní Wedding, àdúgbò kan ní Berlin. Èmi gan-an ni mo wà nínú omi náà. Òórùn ibẹ̀ ò tíì kúrò nímú mi: òórùn iyọ̀ òkun, òórùn rọ́bà tútù, àti ooru kan tó máa ń gbá èèyàn lójú bó bá ti ṣílẹ̀kùn, nígbà tí yìnyín bo gbogbo Hamburg níta. Ilé ẹja ni, ibi tí àwọn èèyàn ti ń wo ẹja òkun ilẹ̀ olóoru. Táńkì gíláàsì kan wà láàárín rẹ̀ tó ga ju ilé lọ, oríṣiríṣi nǹkan sì hù sínú rẹ̀ lórí àpáta. Òmíràn rí bí ẹ̀ka igi, òmíràn bí etí, òmíràn bí ọpọlọ ẹran.

Kí n tó dé Jámánì, yanrìn ni mo ń wà lábẹ́ ọ̀sà l'Ékòó. Garawa lọ́wọ́, èémí àyà nìkan, mo ti rì dé ìsàlẹ̀, mo ti bù ú, mo ti gòkè, kí ẹlòmíràn tó bọ́ ṣòkòtò. Mi ò kàwé kọjá kíláàsì mẹ́rin, ṣùgbọ́n tó bá di ti omi, mi ò tíì rí olùkọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó ti ń tọ́jú táńkì yẹn fún ọdún mẹ́rìnlá, ló mú mi wọ ibẹ̀. Ilé wọn ní Lurup, ní Hamburg níbẹ̀, ni mo ń sùn láti Mọ́ńdè. Tó bá di Fúráìdè, mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà sọ́dọ̀ ìyàwó àti àwọn ọmọ mi ní Märkisches Viertel, ní Berlin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ mi lẹ́yìn, ẹ̀rín ni mo bú sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ń pọn afẹ́fẹ́ bí ọmọ?"

"Pọ̀n ọ́n dáadáa," ni wọ́n wí. "Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bíi tìẹ, tiẹ̀ ló máa ń tètè tán."

Ọjọ́ yẹn náà ni mo béèrè ohun tó hù sórí àpáta. Wọ́n ní Koralle ni. Mo ní Yorùbá ni mo ń béèrè.

"Iyùn ni."

"Iyùn tí àwọn ìyá wa ń so mọ́rùn?"

"Òun náà ni. Inú òkun ló ti ń wá." Ẹ̀rọ tó ń fa omi wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọ́n sáré lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.

Ta ni yóò kọ́ mi ní iyùn? Ìyá mi ní okùn méjì tó jogún. Èmi ni mo máa ń bá a fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn, a ó wá fi òróró díẹ̀ pa á lára títí yóò fi pọ́n yòò. Ti inú táńkì yìí dúdú bí ẹrẹ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Mo sọ nínú ara mi pé òyìnbó ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun iyebíye.

Nígbà tó yá, ìyá ẹ̀gbọ́n kú ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ lọ ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ. Ọ̀gá wa, obìnrin òyìnbó tó ni ilé náà, béèrè bóyá mo lè dá iṣẹ́ ṣe. Ẹ̀gbọ́n ní tí mo bá ti wà níbẹ̀, kó gbà pé àwọn fúnra àwọn ló wà níbẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi: "Gíláàsì nìkan ni kó o máa nù. Fi ìyókù sílẹ̀."

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹni tó ti ọ̀fọ̀ dé rí ohun tí yóò múnú rẹ̀ dùn. Mo pe ìyàwó mi, mo ní mo fẹ́ fọ iyùn náà.

"Ṣé wọ́n ní kó o fọ̀ ọ́ ni?"

"Ìwọ máa fọ irun rẹ, kó o fi omi sílẹ̀ fún olómi."

"Olómi, má rì o."

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ṣe é, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì líle. Èémí mi ń dún létí mi, ìfóofò ń gòkè, ohun tó ń yọ̀ náà ń bó kúrò, omi ń dà bí omi ẹ̀kọ, gbogbo ẹja kó ara wọn sí igun kan. Abẹ́ rẹ̀ funfun báláú. Mi ò ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn: ẹ̀gbọ́n, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò yín.

Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń kí wọn kú ìrọ́jú.

"Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

"Búrọ́ọ̀ṣì ni."

"Ara wọn lo bó."

"Ara ta ni?"

"Ẹ̀mí wà nínú wọn. Ẹran ara wọn lo bó kúrò yẹn. Egungun lò ń wò."

Lọ́jọ́ kẹta, omi ti ń rùn bí edé tó kú sóòrùn. Ẹja léfòó, mo ń fi àwọ̀n kó wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù pààrọ̀ omi, wọn ò rí i ṣe. Ẹ̀gbọ́n ò dúró de fídáù. Pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́ ni wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú wọlé, wọ́n dúró níwájú gíláàsì, wọn ò bọ́ kóòtù. Ọ̀gá béèrè ẹni tó ṣe é. Bí mo ṣe ń wá èdè Jámánì tí mo fẹ́ sọ, ẹ̀gbọ́n ti dá a lóhùn pé àwọn ni. Níta, mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni mo pè é ní iyùn fún ọ," ni wọ́n wí. "Mi ò sì sọ ọ́ tán."

Àwa méjèèjì ni wọ́n lé. Páálí ni ẹ̀gbọ́n ń dì báyìí ní ilé ìkẹ́rù kan. Wọn ò bá mi jà, ìbá sàn kí wọ́n bá mi jà. Tí mo bá fóònù wọn fún Iléyá, wọn á ní a dúpẹ́, wọn á gbé e fún ìyàwó wọn. Mo máa ń rò ó nílé mi níbí ní Berlin, lórí àjà kẹsàn-án, pé kì í ṣe àìmọ̀ṣẹ́ ló pa àwọn iyùn yẹn. Ọwọ́ mi yá, agbára mi tó o, mi ò fi kọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ká ní ọ̀lẹ ni mí ni, wọn ì bá ṣì wà láàyè. Mi ò rí ibi tí mo lè gbé ìyẹn sí nínú ara mi.

Iyùn mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ẹja mọ́kànlélógójì. Iṣẹ́ méjì. Fídáù kan. Ẹ̀gbọ́n kan.