Táyà Tuntun Tí Mo Fi Ọ̀rá Wé

Táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà wa ti pá. Ó ń dán bí orí ọkọ mi, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, torí òun ló ń gun ọ̀kadà náà, èmi ló ń gbé sẹ́yìn láti Ìsẹ́yìn lọ sí Ìgànná, níbi tí mo ti ń ra gàrí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni táyà yìí ti ya. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni fọganáísà àdúgbò wa fi okùn rán an bí ẹni ń rán bàtà, tó sì gé awẹ́ táyà àlòkù tẹ́ ẹ sínú kí tíúbù má baà yọjú síta.

"Àlàájà," ló wí lẹ́yìn tó rán ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mi ò rí Mẹ́kà lójú àlá rí, àmọ́ bó bá ti fẹ́ gba owó, á gbé mi débẹ̀. "Àlàájà, èyí kì í ṣe táyà mọ́. Ìrántí táyà ni."

"Ìwọ sáà bá mi rán ìrántí."

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Nígbà tí àjọ kàn mí, mo kó o, mo ta àkùkọ méjì kún un, mo ra táyà tuntun. Ẹ wá wo ẹwà! Irun rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ bí irùngbọ̀n ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Ọkọ mi ti fẹ́ gbé e lọ fún fọganáísà. Èmi ni mo dá a dúró.

"Bàbá wọn, kí lẹ ń kánjú sí? Ṣé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ti ya ni?"

"Kò tíì ya."

"Ẹ jẹ́ ká lò ó tán ná. Ta ló ń wọ aṣọ Iléyá lọ sóko?"

Kò bá mi jiyàn. Bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, aṣọ tuntun ń dúró de ọdún, abọ́ tuntun ń dúró de àlejò, títí kòkòrò á fi bá wa lò wọ́n. Ó so táyà náà kọ́ àjà yàrá wa. Nítorí eku àti eruku ọyẹ́, mo mú ọ̀rá ńlá tí a fi ń bo gàrí lójú ọ̀nà, mo fi wé e bí ọmọ tuntun. Ẹ̀rùn ni. Kí la fẹ́ fi ọ̀rá ṣe?

Mo ní oníbàárà kan tó ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá sọ́jà Ìsẹ́yìn láti Ìbàdàn. Òun nìkan ló ń ra gàrí mi ní àpòàpò; àwọn yòókù, kóńgò ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n á tún ní kí n fi èènì sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni táyà ti dá wa dúró tí kò bá mi. Ó wá sọ fún mi pé, "Màmá, ó di ẹ̀ẹ̀mejì o. Bí mo bá kírun Aláásárì tán lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ tí mi ò rí yín, mà á wá ẹlòmíì."

Lọ́jọ́ náà, a tètè kúrò ní Ìgànná pẹ̀lú àpò gàrí méjì. A ò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí nǹkan fi dún gbàù.

"Ìyá wọn, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ọ́?"

"Èmi kọ́ ni mo bẹ́. Táyà ni."

Okùn ti já, awẹ́ inú rẹ̀ yọ síta bí ahọ́n ajá tó sáré. Ọkọ mi fa koríko tu, ó rọ ọ́ kún inú táyà bí àwọn tó ń ti oko bọ̀ ṣe máa ń ṣe, a bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Kí a tó dé orí òkè, koríko ti di ẹ̀kúnná. Ọ̀kadà kan kọjá, èèyàn mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n kí wa tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n sì lọ tìfẹ́tìfẹ́.

Ìgbà náà ni ojú ọ̀run ṣú. Òjò àkọ́rọ̀, òun náà ò rí ọjọ́ mìíràn.

"Mú ọ̀rá wá!"

Mo ń wo ìdí àpò bí ẹni pé ọ̀rá lè hù níbẹ̀.

"Ìyá wọn, ọ̀rá dà?"

"Ó wà lára táyà."

"Táyà wo?"

"Tuntun."

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó bọ́ bùbá rẹ̀, mo tú gèlè àti ìborùn mi, a fi bo àpò méjèèjì lábẹ́ igi irú kan. Òjò kò tilẹ̀ kà wọ́n sí. Gàrí ń mumi, àpò ń wú, mo dúró, mò ń wò ó. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ ẹ̀bà, mi ò rí i kí òjò bá mi tẹ̀ ẹ́ rí. Nígbà tó yá, ojú rírán àpò kan ṣí, funfun ń rọ́ jáde.

"Ó ku ọbẹ̀," ni ọkọ mi wí.

Mo rẹ́rìn-ín títí mi ò fi mọ èyí tó jẹ́ omijé nínú omi ojú mi. Àsìkò ìrun Aláásárì bá wa níbẹ̀. Omi àlùwàlá kò wọ́n wa. Bí ọkọ mi ṣe forí kanlẹ̀, èmi mọ̀ pé oníbàárà mi náà ń forí kanlẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, pé tó bá ti sálámà tán, á gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ bá ẹlòmíì.

Ọkọ̀ àwọn àgbẹ̀ kan ló gbé àwa àti ọ̀kadà délé nírọ̀lẹ́. Òjò ti jò sórí ibùsùn wa, ẹní tutù, ìrọ̀rí tutù. Mo tú ọ̀rá lára táyà. Ẹ̀kán omi kan kò kàn án. Ẹnu mi ti fẹ́ béèrè bóyá fọganáísà ṣì lè rán ti àtijọ́. Mo fi ọwọ́ bò ó.

Wọ́n gbé táyà tuntun wọ ọ̀kadà wa lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, oòrùn kò tíì kàn wá lórí tí a ti wọ Ìsẹ́yìn, gàrí gbẹ, ọ̀rá bò ó. Ọkọ̀ Ìbàdàn dúró síwájú ìsọ̀ obìnrin tó kọjú sí tèmi, wọ́n ń kó àpò sí i.

"Ẹ kú ọjà, Màmá," ni oníbàárà náà kí mi.

"Ẹ kú ọjà o," ni mo wí. Mo jókòó lórí àpò mi, mò ń ka èyí tí wọ́n ń kó.