Àdúrà Màmá Lórí Ṣúgà

Ìyá ọkọ mi fi àdúrà ṣẹ́gun mi láàárọ̀ yìí.

Dókítà ti kìlọ̀ fún Bàbá Dàpọ̀, ọkọ mi, pé kó dín ṣúgà kù nítorí àtọ̀gbẹ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń po ògì rẹ̀ láìfi ṣúgà sí i.

Àná ni Màmá wọ ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà dé. Láàárọ̀, wọ́n tọ́ ògì ọmọ wọn wò.

"Ìyá Dàpọ̀, ṣé ṣúgà tán nílé yìí ni?"

"Rárá, Màmá. Dókítà ló ní kó dín in kù."

Wọn ò bá mi jà. Wọ́n tú kókó etí aṣọ wọn, wọ́n yọ hóró ṣúgà kan, wọ́n gbé e sókè bí ẹni ń sọmọ lórúkọ.

"Bí èyí ṣe ń dùn, bẹ́ẹ̀ layé ọmọ mi yóò máa dùn."

Èmi náà ṣe àmín. Ó di inú ògì.

Wọ́n gbé òmíràn fún àlàáfíà, òmíràn fún ẹ̀mí gígùn. Ẹ̀mí gígùn, ẹ gbọ́ ná. Ọkọ mi, tí a kì í gbóhùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń ṣe àmín jù.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ká ní ẹ̀yin ni, àmín wo lẹ ò ní ṣe níbẹ̀?