Ìjọ Tí Mo Fẹ́ Sọ́nà

Inú ọ̀rá tí mo fi dì í náà ni sùtánà ọ̀hún wà nígbà tí Ìyá Ìjọ gbé e padà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn kò bínú, wọn kò sì pariwo. Wọ́n rọra gbé e lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

"Ọmọ mi, aṣọ yìí dára, àmọ́ kì í ṣe tèmi."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ni mo rán an fún, Mà. Ọ̀fẹ́ ni."

"Mo mọ̀. Ṣé o rí àmùrè tó o fi sí i? Òróró oyè yẹn ò tíì kàn mí lórí. Tí mo bá wọ̀ ọ́ wọ ilé Ọlọ́run, kí ni kí n sọ fáwọn tó ń wò mí?"

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n padà sí Ìkọ̀tún. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo Ṣadé, tó ń bá mi ránṣọ, lójú.

Kí ẹ lè mọ ohun tó wà nílẹ̀, sùtánà ni iṣẹ́ mi, ìyẹn aṣọ funfun gígùn tí àwọn ìjọ Aládùúrà ń wọ̀. Ìgándò ni mo ti ń rán an. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni èmi fúnra mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́ máa roko kó tó lè rọ ọkọ́. Nígbà tí sùtánà àránsílẹ̀ wá kún orí àtẹ láti Ìgándò dé Ẹgbẹ́dá, àwọn oníbàárà mi ń dín kù, títí ó fi ku èmi àti Ṣadé tí à ń wo ara wa. Ọkọ mi ní kí n pa ṣọ́ọ̀bù dé, kí n lọ máa ta ẹja yìnyín. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù di ìgbà ìkórè, torí ìgbà náà làwọn ìjọ máa ń ránṣọ tuntun. Ìjọ ńlá kan wà ní Ìkọ̀tún. Bí mo bá rí iṣẹ́ tiwọn gbà, ṣọ́ọ̀bù dúró. Bí mi ò bá rí i gbà, ó di ẹja.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rán sùtánà ọ̀fẹ́ fún Ìyá Ìjọ, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ibẹ̀. Mo kúkú mọ̀ pé àwọ̀ àmùrè tí wọ́n ń dì mọ́ ìbàdí ni wọ́n fi ń mọ oyè ẹni, a kì í sì í wọ èyí tí wọn kò tíì fòróró yanni sí. Mo rò pé bí mo bá fi ti oyè tó ju tiwọn lọ sí i, orí wọn á wú. Ọgbọ́n àgbọ́njù ni.

Mo gba Dópẹ̀mú lọ bá ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Màmá ti dàgbà, wọn kì í ránṣọ mọ́, àmọ́ ẹnu wọn ṣì mú bí àlùmọ́gàjí. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ, báwo lọkọ ẹ ṣe fẹ́ ẹ? Ṣé ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí ẹ ló gbé ẹrù ìdána wá ni?"

"Rárá o, Mà. Inú akọrin ló ti ń wò mí. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sì kọ́kọ́ bá sọ ọ́."

"Ìyẹn ni ìfojúsóde. Ó fojú sóde tán, ó wá alárenà. Ìwọ ò wo ẹni, o ò rán ẹni, o gbé ìdána dé. O tún wá ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní ìyàwó. Lọ jókòó, kó o máa wò wọ́n jàre."

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ wọn. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bíi tiwọn, mo jókòó sẹ́yìn. Mi ò mú téèpù dání, mi ò sì fún ẹnikẹ́ni ní káàdì. Mo rí i pé bí wọ́n bá kúnlẹ̀ gbàdúrà tán, tí wọ́n fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ wọn a tẹ etí aṣọ, wọ́n a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo rí i pé àwọn ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ ń jáde ṣáá, torí sùtánà bò wọ́n dé ọrùn, kò síbi tí wọ́n lè gbà fọ́mọ lọ́mú. Ọ̀kan nínú wọn, Fúnkẹ́, a máa jókòó níta, a máa gbọ́ ìwàásù láti ojú fèrèsé. Mo lọ jókòó tì í. Mi ò sọ̀rọ̀ aṣọ rárá. Ọmọ rẹ̀ ni mo ń bá ṣeré.

Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ní, "Àǹtí, mo gbọ́ pé télọ̀ ni yín. Ṣé aṣọ yìí ò ṣeé tún ṣe ni? Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìwàásù parí gbẹ̀yìn."

Mo gbé aṣọ náà lọ sí Ìgándò. Mo tú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lápá àyà, mo fi síìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lábẹ́ ìṣẹ́po tí ojú kò lè rí. Mo gé iwájú sókè díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, kí ẹsẹ̀ má baà máa tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìsìn mìíràn dé, ọmọ Fúnkẹ́ ké, Fúnkẹ́ kò jáde. Àwọn obìnrin ń yíjú wò ó. Inú mi dùn débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Kò sí ìpolówó tí mo lè gbé sórí fóònù tó lè tó ìjókòó ọmọbìnrin yẹn.

Ohun tí mo dì mú nídìí òwò nìyí: ẹni tí o kò bá tíì wò dáadáa, má tíì fún un lẹ́bùn. Ẹ̀bùn tí kò bá ẹni mu, ẹni tó fúnni ló ń polówó. Mo máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá bi mí, bí kò tilẹ̀ bi mí pàápàá.

Síbẹ̀, ìkórè ń sún mọ́lé, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́. Ọkọ mi ti lọ wo fíríìsà ní Ìpájà. Àfi ọ̀sán Sátidé kan tí Ìyá Ìjọ wọlé, tí àwọn obìnrin rọ́ tẹ̀lé wọn, Fúnkẹ́ láàárín wọn. Mo gbé àga sílẹ̀, wọn kò jókòó.

Ìyá Ìjọ ní, "A ò wá jókòó. Àwa ìdílé ọkọ la dé. A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, a wá já a lọ sílé ni. Gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ló fẹ́ ránṣọ ìkórè."

Ẹ̀rín sọ. Ṣadé ló gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó tún ìró ró bí alága ìjókòó tó ń ṣojú ìdílé ìyàwó.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Àwa kì í fipá fọ́mọ fọ́kọ o. Ẹ jẹ́ ká bi í." Ó kọjú sí mi. "Àǹtí, ṣé ká gba ìdána iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wọn?"

Láti ìgbà tí mo ti ń wá oníbàárà kiri, kò sẹ́ni tó tíì wá tọrọ èmi rí. Mo gbé téèpù kọ́rùn, mo ní, "Ẹ gbà á."