Ilẹ̀kùn Tí Mo Ń Ṣí Wò

Òórùn ike tó ń jóná kò tíì kúrò nímú mi nígbà tí mo padà sílé ìwé l'Ágége. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ike kan l'Órégùn nígbà náà, mo sì bá wọn lọ lọ́jọ́ Sátidé kan. Iná sọ lójijì. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti ìta bí wọ́n ti máa ń ṣe, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti lọ jẹun. Fèrèsé tí wọ́n fọ́ ni wọ́n gbà fà wá jáde. Kò sẹ́ni tó kú, nítorí náà gbogbo ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ti parí, ká ṣáà máa dúpẹ́.

Kò parí lára tèmi. Ẹ̀rọ ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé wa máa ń pariwo, wọn a sì pa ilẹ̀kùn kíláàsì dé. Bí wọ́n bá ti pa á dé báyìí, àyà mi á máa já, kí n tó mọ̀, mo ti wà níta. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá, ṣùgbọ́n oríkunkun ni wọ́n pè é. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni ọ̀gá ilé ìwé wa fi ń di pàṣán mú. Wọ́n sọ fún ìyá mi pé tí mo bá tún sá jáde, kí n gbàgbé ìdánwò àṣejáde.

Sáà yẹn ni tíṣà ìṣirò tuntun dé, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọn ò bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní, "Níbo lo fẹ́ jókòó sí?" Mo nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé àga mi lọ síbẹ̀.

"Tẹ́rù bá ti ń bà ẹ́, dìde, ṣí ilẹ̀kùn wò. Tó o bá rí i pé ó ṣí, pa á dé, ká máa bá iṣẹ́ lọ. O ò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ mi."

Mo lo àǹfààní yẹn kọjá ààlà. Bí ìṣirò bá le, ẹ̀rù á bà mí. Bí búrẹ́dì bá jinná, ẹ̀rù á tún bà mí. Mo rò pé mo gbọ́n. Tíṣà kàn máa ń fi ìka tọ́ka sí ibi tá a dé lójú pátákó fún mi.

Lọ́jọ́ ìdánwò, gbọ̀ngàn ilé ìwé mìíràn ni wọ́n kó wa lọ, tíṣà mi ò sì lè bá mi wọlé. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ wa pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Ojú mi ṣókùnkùn. Mo dìde, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo ṣí i. Mo lè sá lọ nígbà náà bí mo bá fẹ́.

"Kí lò ń wá?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ṣí ni, sà."

Mo pa á dé, mo padà lọ jókòó.

Ọ́fíìsì kan l'Ópẹ̀bì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ẹ̀rù náà kò sì tíì lọ tán. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí tíṣà mi, mo wá fẹnu ara mi sọ ọ̀rọ̀ Òrégùn fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀, wọ́n ní, "O kú ewu iná."

Gbogbo àdúgbò ló kí ìyá mi bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Kò sẹ́ni tó rántí kí èmi. Mo sunkún bí ọmọdé níwájú wọn.