Ọjọ́ Tí Bàbá Yee Kọ Òótọ́ Sínú Ìwé Orúkọ

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Yee Bok-hing jẹ́, ẹ jókòó tì í níwájú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe eré ìdárayá. Kò mọ òfin gọ́ọ̀fù, kò mọ òfin eré orí yìnyín, ṣùgbọ́n bí ojú eléré kan bá ti jọ tiwa àwa ọmọ Ṣáínà díẹ̀ báyìí, ó ti dìde nìyẹn, tíì tó ń mu á máa dà sí i lára: "Tiwa ni! Ẹ wò ó, tiwa ni!" Ará Kòríà tó ń gbá gọ́ọ̀fù, tiwa ni. Ọmọ Japáànù tó ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn ará Amẹ́ríkà, tiwa ni, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ogun Japáànù ló lé ìyá Bok-hing wọ inú oko ìrèké nígbà ogun, kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, tí ìyá rẹ̀ wá láti Thailand, gba ipò kìíní nínú eré sísá. Bok-hing fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Mo ní, "Bọ̀dá Hing, láti ìgbà wo ni Thailand ti di tiwa?"

Ó ní, "Fung-yin, ẹni tí ebi ń pa kì í bèèrè ẹni tó se ọbẹ̀."

Ohun tó máa ń rú mi lójú nìyí. Ẹni kan náà yìí ni, bó bá di ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ nínú oṣù kẹsàn-án, tí a ti ti òpópónà pa ní àdúgbò wa ní Boston, tí a ti ta àwọ̀n, tí àwọn ẹgbẹ́ ti dé láti New York, Toronto àti San Francisco láti wá gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án, òun ló ń jókòó sídìí tábìlì ìwé orúkọ. Ẹ̀jẹ̀ ló sì máa ń kà níbẹ̀. Òfin wa ni pé nínú mẹ́sàn-án tó bá wọ pápá, mẹ́fà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Ṣáínà tìyá-tìbàbá. Mẹ́ta yòókù lè jẹ́ ọmọ Éṣíà mìíràn tàbí àdàlù. Olúkúlùkù á kọ orúkọ ìdílé àwọn òbí rẹ̀ àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà á sì fọwọ́ sí i. Bok-hing á wo ìwé, á wo ojú, á tún wo ìwé. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó tì í tí mò ń kọ àmì ayò, mo sì ti sọ fún un láìmọye ìgbà pé aṣọ́bodè pàápàá kì í wo èèyàn báyẹn.

Àmọ́ kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó nídìí. Nígbà tó dé ìlú yìí, ilé oúnjẹ àti ilé ìfọṣọ nìkan ni iṣẹ́ wà fún wa. Nígbà tó wà nílé ìwé gíga, ó ra bàtà eré, ó lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá pé òun náà fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin yẹn wò ó látòkè délẹ̀, ó kó aṣọ ìnura àwọn agbábọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, ó ní kó bá àwọn ká a. Ó ká a o! Gbogbo rẹ̀ ló ká. Ọjọ́ Ajé tí àwọn alásè ń sinmi, òun pẹ̀lú wọn ta okùn ìsáṣọ sí ẹ̀yìn ilé oúnjẹ kan, wọ́n ń gba bọ́ọ̀lù kọjá lórí rẹ̀. Èèyàn tó fẹ́ gbá a pọ̀ ju àyè lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń tò ní mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án.

Ó máa ń sọ pé, "Ibi kan ṣoṣo tí wọn ò ti lè lé wa nìyí. Ẹ ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé lónìí, kí ẹ wò ó bóyá a ò ní padà sídìí aṣọ ìnura lọ́la."



Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá kó ọ̀rọ̀ rú. Ó lọ fẹ́ Doyle, oníṣẹ́ iná mànàmáná tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ireland. Odindi ọdún kan ni Bok-hing fi ń kí àna rẹ̀ bí ẹni ń kí agbowó-orí. Ṣùgbọ́n wọ́n bí Garrett, bàbá àgbà gbà á mọ́ra pátápátá. Ilé ìdáná rẹ̀ ni ọmọ náà dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹran sínú ìyẹ̀fun, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ Toisan, èdè ìlú wa ní Ṣáínà, tòun tèébú inú rẹ̀. Ó ga, ó lágbára, nígbà tó fi máa jáde ní yunifásítì, ó ti lórúkọ nídìí bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí mò ń sọ yìí, ó ti pé ọdún méjìlélógún, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sì ránṣẹ́ pè é sí ibùdó ìdánrawò. Ó ní kí òun tó lọ, òun á bá Ẹgbẹ́ Ààrá, ẹgbẹ́ àdúgbò wa, gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i lójú pópó. Bàbá àgbà rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sí àdàlù. Àdàlù náà ló ń jẹ́ láti ọdún mẹ́fà tó ti ń gbá a.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìdíje àṣekágbá bẹ̀rẹ̀, oòrùn ń jó ọ̀dà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ni Chester Moy, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, bá fò láti gbá bọ́ọ̀lù ìdánrawò, ó balẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yí. Chester jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà tó pé, ìyẹn ọmọ Ṣáínà tìyá-tìbàbá. Ẹni kan ṣoṣo tó kù lórí bẹ́ǹṣì ni Quốc, ọmọ Vietnam. Garrett àti ọmọ Filipínì méjì sì ti gba àyè mẹ́ta tí òfin fún àwọn tí kò pé. Ìṣirò tó wà nílẹ̀ kò le: ká fi ẹni mẹ́jọ bá mẹ́sàn-án gbá a, tàbí kí ẹnì kan kọ Garrett sí àwọn tó pé, kí Quốc lè bọ́ sí àyè rẹ̀.

Alága ẹgbẹ́ Toronto tí a fẹ́ bá gbá a, Goon Kwok-leung, rìn wá sídìí tábìlì wa. Èèyàn dáadáa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Bọ̀dá Hing, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo mọ̀ yín," ó ní. "Tí ẹ bá ti kọ ọ́ pé ọmọ yẹn pé, ó pé. N ò ní yẹ ìwé wò. Ta ló fẹ́ lu ẹni mẹ́jọ? Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ débi tí màá kó kúrò ní Toronto!"

Bok-hing ń wo kálámù.

Garrett náà dé, òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀. "Bàbá àgbà, ẹ kọ ọ́."

"Kí n kọ kí ni?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú àwọn méjèèjì lè dọ́gba. "Ní yunifásítì, Ṣáínà ni wọ́n ń pè mí. Tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní, 'Ṣáínà ti ṣe é o!' Tí mo bá wá délé, ẹ̀yin ń pè mí ní ìdajì. Ìdajì wo nínú mi ló ń gbá bọ́ọ̀lù, Bàbá àgbà? Ṣé ọwọ́ ọ̀tún ni, àbí tòsì?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú sì bí mi sí arúgbó yìí. Mo ní, "Bọ̀dá Hing, ọmọ Thailand ọjọ́sí, ṣebí ẹ ní tiwa ni. Ti ọmọ-ọmọ yín wá ńkọ́?"

"Ìyẹn, inú tẹlifíṣọ̀n ni."

"Kí ni tẹlifíṣọ̀n fi yàtọ̀?"

"N ò mọ̀," ó ní.

Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní kí Garrett lọ mu omi. Nígbà tí ọmọ náà ti lọ, ó fa àga rẹ̀ mọ́ tèmi, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Fung-yin, èmi kì í ṣe Yee."

Mo rò pé oòrùn ti pa á lórí. Mo na ife omi sí i.

"Gbé omi yẹn sílẹ̀, kó o gbọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí bàbá mi ra ìwé ìwọ̀lú fún mi. Ìgbà yẹn, ìjọba kì í gba ọmọ Ṣáínà wọlé bí kò bá ní bàbá tó ti wà níbí. Yee kan wà ní Amẹ́ríkà níbí tó sọ fún ìjọba pé òun lọ́mọkùnrin nílé. Kò ní. Èmi ni wọ́n fi dí i. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ ilé onílé sórí nítorí ìbéèrè àwọn aṣọ́bodè: fèrèsé mélòó, níbo ni ìkòkò ìrẹsì wà, àwọ̀ wo ni ajá aládùúgbò. Mo mọ̀ ọ́n débi pé tí mo bá ń ronú ilé ìyá mi báyìí, fèrèsé ilé Yee ni mò ń rí."

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ inú ìwé jẹ́ tuntun létí mi. Ilé mélòó ní àdúgbò yìí ni kò ní irú rẹ̀? Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gan-an, orúkọ rírà ló bá a wọ sàréè. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó ń ka ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀ ọjọ́ wá ni. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni èyí wá wò?

"Ìyàwó mi ò mọ̀ títí tó fi kú," ó ní. "Ọmọ mi ò mọ̀. Mo ti parọ́ sínú ìwé lẹ́ẹ̀kan, mo sì búra pé n ò tún ní ṣe é láyé. Tí mo bá kọ ọ́ pé Garrett pé, irọ́ ni. Tí n ò bá kọ ọ́, Yee tí mo ti kọ síbẹ̀ ńkọ́? Irọ́ náà ni. Èwo ni kí n ṣe?"



Ó ti fa ìwé sọ́dọ̀ kí n tó ronú jinlẹ̀. Ó fa ìlà sórí Yee tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Garrett, ó sì kọ Seeto sí i, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Lójú tirẹ̀, ó ń ṣe ọmọ náà lóore. Ó rò pé kí òun kọ́kọ́ fi òótọ́ sílẹ̀ ná, bó bá yá, a ó mọ bóyá ọmọ pé tàbí kò pé.

Goon padà dé, ó tẹjú mọ́ ìwé náà. "Ta ni Seeto?"

"Èmi ni."

"Yee lẹ fi fọwọ́ sí i nísàlẹ̀."

"Mo mọ̀."

Goon wò mí, mo wo ilẹ̀. Òfin tí Bok-hing fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni pé bí orúkọ òbí àgbà kò bá bá orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i mu, ìlà náà ti bàjẹ́, ẹni tó wà lórí rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ wọ pápá rárá, yálà bí odindi tàbí bí ìdajì. Òun kan náà ló fi òfin yìí dá odindi ẹgbẹ́ San Francisco padà lọ́dún kan, tí wọ́n fi bú u dé pápákọ̀ òfuurufú.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́," Goon ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "ẹ pa á rẹ́. N ò rí nǹkan kan. Fung-yin náà ò rí nǹkan kan."

"Afọ́jú ni mí," ni mo yára sọ.

"Òótọ́ ni mo kọ," Bok-hing ní. "Ọgọ́ta ọdún ó lé ni mo fi pa á mọ́. Ẹ ní kí n pa á rẹ́?"

Òótọ́ dọ́jà ó kùtà. Wọ́n pe Garrett jáde, Quốc wọlé sí àyè rẹ̀, àwọn mẹ́jọ tò síwájú mẹ́sàn-án Toronto. Àyè ẹnì kẹsàn-án ṣófo lápá òsì, gbogbo bọ́ọ̀lù tí Toronto bá gbá, ibẹ̀ ló ń bọ́ sí. Abala kìíní, wọ́n nà wá. Abala kejì, wọ́n fi àmì ayò méjì péré jù wá lọ. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, kálámù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé já. Inú ń bí mi sí òfin, inú ń bí mi sí Bok-hing, mi ò sì mọ ohun tí ǹ bá ti ṣe ká ní èmi ni. Títí di òní mi ò mọ̀ ọ́n.

Garrett ò lọ síbi kankan. Ẹ̀gbẹ́ bàbá àgbà rẹ̀ ló jókòó sí, lórí òkúta etí títì, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n, wọ́n sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán láàárín abala méjì. Mo gbọ́ ibi tó ti bi í pé, "Ṣé Màmá mi mọ̀?" tí Bok-hing sì mi orí pé kò mọ̀.

Nígbà tí Toronto ń gbé ife-ẹ̀yẹ sókè, ọmọ náà tún sọ̀rọ̀.

"Àwọn ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè bi mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé orúkọ wo ni kí wọ́n kọ sẹ́yìn aṣọ mi. Mo sọ fún wọn pé Yee. Mo fẹ́ kó bá yín lójijì ni." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Wọn ò tíì rán an. Èwo ni kí n ní kí wọ́n kọ báyìí, Bàbá àgbà? Ṣé Yee ni, àbí Seeto?"

Ní òdìkejì títì, Doyle, àna rẹ̀, ti gun àkàbà, ó ń tú okùn àwọ̀n pẹ̀lú àwọn yòókù, ọrùn rẹ̀ ti pọ́n nínú oòrùn. Láti àárọ̀ ló ti ń gbé omi fún gbogbo ẹgbẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi í ní orúkọ òbí rẹ̀ àgbà. Arúgbó náà wò ó pẹ́ títí.

"Doyle ni kí wọ́n kọ," ó ní. "Nínú gbogbo ilé wa, òun nìkan ni orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò rà, tí ẹnikẹ́ni ò sì fi pamọ́."