Agbẹ̀bí Tó Dùbúlẹ̀ Nínú Jíìpù

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kì í ra ẹní láìkọ́kọ́ dùbúlẹ̀ lé e lórí, ìbáà jẹ́ láàárín ọjà. "Ẹ̀yìn mi ni yóò sọ fún mi," ni ó máa ń wí.

Agbẹ̀bí ni ní Ìkẹ́rẹ́. Ó ti rí aboyún tí wọ́n gbé láti oko kòkó tí kò délé láàyè. Nítorí náà, nígbà tí oníṣòwò kan ní kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wá wo jíìpù tuntun, ó tẹ̀ lé wọn lọ. Àwọn ọkùnrin ń yin ọ̀dà ara ọkọ̀ náà. Òun gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì nà gbalaja.

"Ọmọ mi, wà á gba orí òkúta yẹn," ni ó wí fún oníṣòwò náà.

"Màmá, ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yìn le."

"Ṣé iwájú ni ẹni tó ń rọbí yóò dùbúlẹ̀ sí?"

Ọkọ̀ gun òkúta, ó la odò kékeré kọjá. Nígbà tí wọ́n padà dé, gèlè rẹ̀ ti bọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ó le bíi pákó! Ṣùgbọ́n yóò gbé obìnrin dé ulé láàyè. Ẹ tẹ́ tìmùtìmù sí i, kí ẹ rà á."

Wọ́n rà á. Lóṣù kejì, ó bá jíìpù náà lọ gbé aboyún kan lóko. Dẹ́rẹ́bà ń sáré bọ̀ nígbà tó gbọ́ igbe ọmọ lẹ́yìn.

"Rọra o," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí fún un, "a ti di mẹ́rin."