Bẹ́ńṣì Tó Ń Wọlé ní Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè

Ẹ fìdí balẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan fún yín. Díẹ̀ ló kù kí n kó ẹrù mi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí bẹ́ńṣì!

Káfíńtà ni mí. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù kan ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, Agége níbí ni mo sì ń gbé. Ẹni tó bá mọ bó ṣe rí yóò mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin ìdájí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí o bá pẹ́, o pẹ́ nìyẹn. Wọn á ti géètì wọ́kíṣọ́ọ̀bù mọ́ ọ, ó di ọjọ́ kejì.

Nítorí èyí ni mo ṣe kórìíra ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Àárọ̀ Sọ́ńdè dùn, ọ̀sán rẹ̀ náà kò burú. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kírun alásárì tán báyìí, ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Mọ́ńdè á ti máa yọjú. Oúnjẹ kò ní wù mí í jẹ. Bí ọmọ bá rẹ́rìn-ín nínú ilé, á dà bíi pé èmi ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé èmi nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mi ò rò ó.

Bẹ́ńṣì gbọọrọ kan wà níwájú ilé mi, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kàn án. Orí rẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò máa ń jókòó sí bá mi tàkúrọ̀sọ. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, bí mo bá ti kírun tán, mo máa ń gbé e wọlé, màá fi ti ògiri pálọ̀. Mo ti sọ fún gbogbo wọn pé bí wọ́n bá ti rí i pé bẹ́ńṣì ti wọlé, kí wọ́n má ṣe kanlẹ̀kùn mi o, ẹni tó ń lọ síṣẹ́ lọ́la ń múra. Wọ́n sì gbọ́. Àwọn ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó yá, mo rítáyà. Wọ́n fún mi ní aago ògiri kan, a ya fọ́tò, mo sì dágbére fún ọkọ̀ ìdájí. Sọ́ńdè àkọ́kọ́, inú mi dùn débi pé mo ń kọrin nínú balùwẹ̀. Mo ní kí Mọ́ńdè máa bọ̀, kò kàn mí mọ́.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Lóòótọ́, ara mi kì í wúwo mọ́, àmọ́ ìrọ̀lẹ́ náà wá gùn. Màá jókòó sí pálọ̀, màá máa retí ẹsẹ̀ ènìyàn, n kò ní gbọ́ nǹkan kan. Láàárín ọ̀sẹ̀, oníkálukú wà níbi iṣẹ́, ọjọ́ Sátidé wọ́n wà lóde àríyá, n kò bá wọn wí. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè tí gbogbo wọn ráyè ńkọ́? Mo wá sọ lọ́kàn mi pé aṣọ káàkí tí mo ń wọ lọ síṣẹ́ ni wọ́n ń kí tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èmi. Ó dùn mí, n kò ní purọ́.

Mo sọ fún ìyàwó mi, Ìyá Súlè, pé kí a máa palẹ̀ mọ́, a ń lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọṣẹ ló ń tà lọ́jà Agége, ibẹ̀ ni gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà, àwọn ọmọ-ọmọ wa sì wà nítòsí ní Onígbòǹgbò. Ó wò mí títí. Ó ní ta ló ṣẹ̀ mí? Mo ní kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, kò kàn sẹ́ni tó rántí mi ni. Ó ní bí mo bá ti pinnu, òun á tẹ̀ lé mi. Ó wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo kírun alásárì tán, mo wọ bàtà, mo ní kí n lọ dágbére fún Làsísì. Ọmọ ìlú wa ni, bí àbúrò ni mo ṣe mú un. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tuntun tó wà ní Ìkẹjà, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí tèmi.

Ẹ wá wo nǹkan! Gbogbo àwọn tí mò ń retí ló wà níwájú ilé Làsísì, wọ́n ń ta dráàfù, ẹ̀rín ń sọ. Bí wọ́n ti rí mi ni gbogbo wọn dìde. Làsísì ní ṣé kò sí o, ṣé ara Ìyá Súlè yá? Wọn kò rí mi níta rí ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Inú ti ń bí mi. Mo bi wọ́n pé ṣé ibí ni wọ́n ń wà, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè yà kí mi ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè láti ìgbà tí mo ti rítáyà. Làsísì ló dá mi lóhùn, ó ń fọwọ́ pa orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo máa ń gba iwájú ilé yín kọjá, bẹ́ńṣì á ti wọlé."

"Bẹ́ńṣì wo?"

"Bẹ́ńṣì yín náà. Gbogbo Sọ́ńdè ló ṣì ń wọlé. A ní bóyá bẹ́ẹ̀ lẹ ṣì fẹ́ máa sinmi ni. Ta ni nínú wa tó máa bi yín?"

Mo padà sílé kíá. Bí mo ti wọ pálọ̀, bẹ́ńṣì náà rèé tó fẹ̀yìn ti ògiri. Èmi fúnra mi ni mo gbé e wọlé kí n tó wọ bàtà, n kò tilẹ̀ mọ̀! Mo ti rítáyà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún ọwọ́ mi. Ìyá Súlè ní òun ń rí i, òun rò pé bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ó bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló mú omi náà wá.

Sọ́ńdè tó tún tẹ̀ lé e, bí mo ti kírun tán, ńṣe ni mo káwọ́ sẹ́yìn bí ọlọ́pàá, kí ọwọ́ náà má baà tún ṣiṣẹ́. Bẹ́ńṣì wà níta. Mo sì ti sọ fún wọn pé òfin bẹ́ńṣì ti tán. Làsísì ló kọ́kọ́ dé, ó há pátákó dráàfù sí abíyá. Kí oòrùn tó wọ̀, kò sáyè lórí bẹ́ńṣì mọ́, Ìyá Súlè ń gbé omi tútù kiri. Ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ parí síbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo rí i tí ojú Làsísì yí padà. Mo mọ ojú yẹn dáadáa, ojú Mọ́ńdè ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kí gbogbo wọn máa lọ sùn, iṣẹ́ ń bẹ lọ́la. Wọ́n lọ, mo sì dá jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ọkàn mi balẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé òfin tí a ṣe fún ará ilé àti aládùúgbò kì í rítáyà tẹ̀ lé wa. Ẹni tó ṣe é ló gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti tán. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì ńkọ́, kí ni ọwọ́ tiyín ṣì ń ṣe tí ẹ kò mọ̀? Ẹ wá sọ ọ́ fún mi. Bí ẹ bá dé Agége nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ẹ má wulẹ̀ kanlẹ̀kùn. Bẹ́ńṣì wà níta.